Ẹ̀dọ̀fóró Nígbà tí Ọkàn Bá Dúró
Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn olùkọ́, awakọ̀, ọlọ́jà àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin awakọ̀ àti ọlọ́kadà tí ẹ pa iṣẹ́ òòjọ́ tì láti wá jókòó níhìn-ín, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tí ẹ ti Tákíé wá, àti ẹ̀yin ọmọ wa láti ilé ìwé gíga, mo kí gbogbo yín, ẹ kú ìjókòó. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ọkàn tó ṣàdédé dúró, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n gba ẹ̀yìnkùlé wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Nínú ọ̀pọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ọ̀ràn yìí, ọkàn àti ọpọlọ nìkan ni a máa ń dárúkọ. Ẹ̀dọ̀fóró ni mo fẹ́ kí a jọ wò lónìí, nítorí lójú tèmi, òun ni ìyà náà ń jẹ lẹ́ẹ̀mejì: ó ń jẹ ẹ́ nígbà tí ọkàn dúró, ó sì tún ń jẹ ẹ́ nígbà tí a bá ń sa gbogbo ipá wa láti jí ọkàn náà padà. Bí èyí bá yé wa, ọwọ́ wa kò ní gbọ̀n nídìí iṣẹ́ ìgbẹ̀mílà, a ó sì mọ ohun tí àwọn dókítà ń bá wọ̀jà lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti ti ẹnu ikú bọ̀.

Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ara bọ̀ ni apá ọ̀tún ọkàn ń tì gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń ju kábọ́nì-dáyọ́sáìdì sílẹ̀, tí ó sì ń gbé ọ́síjìn, kí apá òsì tó wá tì í lọ sí ọpọlọ àti gbogbo ara yòókù. Bí ọkàn bá dúró, afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró di aláìníṣẹ́, nítorí kò sí ẹ̀jẹ̀ tí yóò wá gbé e. Láàrin ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20, ẹni náà á ṣubú, kò sì ní dáhùn bí a bá pè é. Ibùdó tí ń pàṣẹ mímí wà ní ìdí ọpọlọ, níbi tí ọpọlọ ti so mọ́ okùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ̀jẹ̀ tí kò dé ọpọlọ mọ́ kò dé ibẹ̀ náà, nítorí náà mímí kò ní pẹ́ tẹ̀lé ọkàn lọ.

Ibí ni ohun tí ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà wà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Mímí kì í fi gbogbo ìgbà dákẹ́ lẹ́sẹ̀ kan náà pẹ̀lú ọkàn. Ní ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́, ìdí ọpọlọ tí kò rí ọ́síjìn lè ṣì máa rán àṣẹ tí kò gún sí àwọn iṣan àyà. Ẹnu á yà, àgbọ̀n á lọ sókè sódò, ẹni náà á mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́, á tún mí kanlẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú ohùn bí ẹni tí ń hanrun. Àwọn tó yí i ká á ní, "Ó ń mí o, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ fún un láàyè." Ìpọ̀kàkà ikú ni èyí, kì í ṣe mímí. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó ń wọlé kò rí ẹ̀jẹ̀ tí yóò gbé e dé ọpọlọ. Ara ẹlòmíràn a tilẹ̀ máa gbọ̀n fún ìgbà díẹ̀ bó ṣe ṣubú, àwọn ènìyàn á sì pariwo pé wárápá ni, wọ́n á wá ṣíbí tí wọ́n máa ti bọ̀ ọ́ lẹ́nu, àwọn mìíràn á sì sá sẹ́yìn nítorí wọ́n gbà pé itọ́ onítọ̀hún a máa ran ènìyàn. Ohun tí ìlànà sọ kò le: bí ẹni tó ṣubú kò bá dáhùn, tí mímí rẹ̀ kò sì rí bí ó ṣe yẹ kí mímí rí, kí a gbà pé ọkàn ti dúró. Kí a má lo ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ lórí àyẹ̀wò yìí. Bí a bá ṣèèṣì tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò dúró, yóò ké, tàbí kí ó tì wá lọ́wọ́ dànù. Ewu tó wà níbẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti ká dúró máa wò ó.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí à ń ṣe nígboro wa. A máa bu omi lé e lórí, a máa pe orúkọ rẹ̀ léraléra, a máa fi abẹ̀bẹ̀ tàbí páálí fẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà a máa gbé e sáàárín ènìyàn méjì lórí ọ̀kadà. Omi kò ṣe nǹkan kan. Abẹ̀bẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, torí pé atẹ́gùn àyíká kọ́ ni kò tó. Ti ọ̀kadà ló burú jù, ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ má bínú sí mi. Orí aláìsàn á ṣubú síwájú, àgbọ̀n á kan àyà, ahọ́n á dí ọ̀nà èémí, kò sì sí ẹni tí ó lè tẹ àyà lórí ọ̀kadà tó ń sáré. Lóòótọ́, ìlú wa kò ṣàìní ilé ìwòsàn: ọdún 1907 ni àwọn Onítẹ̀bọmi ti dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ níbí, èyí tí ó ti di ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Bowen, ti yunifásítì LAUTECH náà sì wà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 4 sí 6 tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọpọlọ ni ọpọlọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì fọwọ́ kan àyà, ìrètí pé ẹni náà yóò yè lè máa dín ní bí ìdá 7 sí 10 nínú 100 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ó ṣubú sí ni iṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnì kan pe 112, kí ẹlòmíràn wá ọkọ̀ tí a lè tẹ́ ènìyàn gbalaja sí, kí ẹni kẹta sì ti máa tẹ àyà.

Bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nìyí. Orí ilẹ̀ líle ni kí ẹ tẹ́ ẹni náà sí, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan lé àárín àyà, ní ìdajì ìsàlẹ̀ eegun igbá àyà, ẹ gbé ọwọ́ kejì lé e, kí ẹ na apá méjèèjì tọ́ntọ́n, kí èjìká yín wà lókè ọwọ́ yín gan-an. Ẹ wá fi ìwúwo ara yín tẹ̀ ẹ́ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí ó má ju 6 lọ, ní ìwọ̀n ìgbà 100 sí 120 láàrin ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí àyà náà padà sókè tán pátápátá kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Ohun tí àárẹ̀ máa ń bàjẹ́ jù nìyẹn: ẹni tó ti rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fara ti àyà aláìsàn láìmọ̀. Ìgbà tí àyà bá ń padà sókè ni agbára inú rẹ̀ ń rọlẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń padà sínú ọkàn, tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ sì ń rọ́nà wọlé. Ìdí nìyí tí a fi ń pààrọ̀ ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́ ní ìṣẹ́jú méjì-méjì.

Kódà bí a bá tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ, ẹ̀jẹ̀ tí à ń tì káàkiri kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí nínú mẹ́ta ohun tí ọkàn tó lálàáfíà ń tì lọ. Ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀ sì wà lábẹ́ ọwọ́ wa, à ń fún un bí ẹni fún kàn-ìn-kàn-ìn, débi pé àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé, pàápàá ní ìhà ẹ̀yìn. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, èyí kò tíì di wàhálà fún àgbàlagbà tí ọkàn rẹ̀ ṣàdédé dúró, nítorí ọ́síjìn tí ó mí sínú kẹ́yìn ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbà pé ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ lè tẹ àyà nìkan láìfẹ́ èémí. Bí ó bá ti ń pẹ́, ọ́síjìn yẹn á tán, fífẹ́ èémí á sì di dandan.

Kò tíì pẹ́ tí ayé mọ àwọn nǹkan wọ̀nyí. Fún ọdún pípẹ́, ohun tí wọ́n ń kọ́ ènìyàn ni pé kí wọ́n máa gbé apá ẹni tí kò mí mọ́ sókè sódò, tàbí kí wọ́n dà á dojú bolẹ̀ kí wọ́n máa tẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Ní òpin àwọn ọdún 1950, dókítà kan tó ń jẹ́ Peter Safar fi hàn ní Amẹ́ríkà pé afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé pẹ̀lú ọgbọ́n àtijọ́ wọ̀nyẹn, nítorí ahọ́n ti dí ọ̀nà. Àfi kí a gbé orí sẹ́yìn, kí a sì gbé àgbọ̀n sókè. Òun àti dókítà mìíràn, James Elam, ló jẹ́ kí ayé gbà pé èémí tí ènìyàn mí síta tó láti gba ẹ̀mí ẹlòmíràn là: ó ṣì ní ọ́síjìn bí ìdá 16 nínú 100, nígbà tí atẹ́gùn tí gbogbo wa ń mí jẹ́ ìdá 21. Ní ọdún 1960, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Kouwenhoven, Jude àti Knickerbocker, kọ ìwé jáde láti Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà pé títẹ àyà láti ìta lè mú ẹ̀jẹ̀ rìn láìla àyà. Bí a ṣe so méjèèjì pọ̀ nìyẹn.

Fún àgbàlagbà, ìtẹ̀ 30 ni, lẹ́yìn náà èémí 2. Èémí kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju mílílítà 500 sí 600, ohun tó kún inú ìgò omi kékeré tí à ń rà lójú ọ̀nà. Bí àyà bá ti gbéra, ó tó. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ tagbáratagbára ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ikùn ni. Ikùn á wú, oúnjẹ á padà sókè, ìyẹn á sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró tí kò lè wúkọ́ mọ́. Kò tán síbẹ̀. Bí èémí bá pọ̀ jù, agbára inú àyà á ga, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní ráyè padà sínú ọkàn. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2004 láti Milwaukee, ní Amẹ́ríkà, rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì ń fún aláìsàn ní èémí bí 30 láàrin ìṣẹ́jú kan, nígbà tí bí 12 péré ni ìlànà ìgbà náà sọ; bẹ́ẹ̀, àwọn tó kọ́ṣẹ́ dájúdájú ni wọ́n. Nígbà tí nǹkan bá le, ọwọ́ ènìyàn a máa yá ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tí mo sọ nípa títẹ àyà nìkan kò kan àwọn ọmọdé, kò sì kan ẹni tí omi mu. Lára ọmọdé, mímí ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí òtútù àyà, nítorí ẹ̀pà tó há sí ọ̀nà èémí, tàbí nítorí ó já sínú kànga. Ọkàn wá ń dúró lẹ́yìn tí ọ́síjìn ti tán pátápátá. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní ọ́síjìn kankan ní ìpamọ́. Ìlànà àwọn ará Yúróòpù ni pé kí a kọ́kọ́ fẹ́ èémí 5 kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà. Kí a dẹ́kun gbígbé ọmọ tí omi mu dorí kodò, tàbí títẹ ikùn rẹ̀ kí omi lè jáde. Èébì nìyẹn ń mú jáde, ó sì ń fi àkókò ṣòfò. Ìlà yìí kan náà ni ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń lo tramadol àti kódíìnì àlòjù wà. Oògùn wọ̀nyí ń pa àṣẹ mímí nínú ọpọlọ, ènìyàn á máa mí díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dákẹ́, ọkàn á sì tẹ̀lé e. Ìjọba ti fòfin de omi ìkọ́ oníkódíìnì láti 2018, ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí mọ̀ pé kò tíì kúrò nílẹ̀. Ti èéfín jẹnẹrétọ̀ nínú yàrá tún yàtọ̀: ẹ̀dọ̀fóró ń mí, ṣùgbọ́n kábọ́nì-mọ́nósáìdì ti gba ipò ọ́síjìn lára ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti wọn ọ́síjìn á sì máa sọ pé kò sí nǹkan kan. Ẹ gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ bọ́ síta ná.

Mo fẹ́ sọ òtítọ́ tí ọ̀pọ̀ olùdánilẹ́kọ̀ọ́ ń fò dá. Bí ẹ bá tẹ àyà àgbàlagbà tó jinlẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹ lè gbọ́ kí eegun ìhà dún kà lábẹ́ ọwọ́ yín. Ó wọ́pọ̀ gan-an, pàápàá lára àwọn ìyá arúgbó tí eegun wọn ti gbẹ. Ẹ má dáwọ́ dúró. Ẹ wò ó bóyá ọwọ́ yín ṣì wà láàárín àyà, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ, nítorí eegun ìhà á jinná, òkú kò sì ní jinná. Ṣùgbọ́n kò yẹ ká sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀dọ̀fóró lè bó lábẹ́ ìtẹ̀ náà, kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú rẹ̀. Ṣóńṣó eegun lè gún un, kí afẹ́fẹ́ jò sáàárín òun àti igbá àyà, débi tí yóò fi rún wọlé. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, dókítà á ki rọ́bà bọ ẹ̀gbẹ́ àyà kí afẹ́fẹ́ náà lè jáde. Nítorí náà, ẹ sọ fún wọn ní ilé ìwòsàn pé ẹ tẹ àyà rẹ̀, kí ẹ sì sọ iye ìṣẹ́jú tó tó. Ẹnikẹ́ni kò ní bá yín jà. Wọ́n fẹ́ mọ̀ ọ́n ni, kí wọ́n lè tètè ya àwòrán àyà náà.

Níbi tí ohun èlò bá ti pé, ohun kan wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀: ẹ̀rọ tí ń wọn kábọ́nì-dáyọ́sáìdì inú èémí tí aláìsàn ń mí síta. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé kábọ́nì yìí wá sí ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà bí ẹ̀jẹ̀ kò bá rìn, kábọ́nì kò ní jáde. Ẹni tó lálàáfíà ń fi nǹkan bí 35 sí 45 hàn lórí ẹ̀rọ náà. Bí wọ́n bá ń tẹ àyà tí ó wà nísàlẹ̀ 10, àmì ni pé kò jinlẹ̀ tó, tàbí pé ó ti rẹ ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú, ìrètí ti dín kù gidigidi. Bí ó bá sì ṣàdédé fò sókè, ó ṣeé ṣe kí ọkàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ọrùn. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń kọ́kọ́ jẹ́rìí.

Ọkàn ti wá padà, ẹbí ti ń dúpẹ́, àwọn kan ti ń kọrin nítòsí wọ́ọ̀dù. Ìgbà yìí gan-an ni wàhálà ẹ̀dọ̀fóró ń bẹ̀rẹ̀. Ọkàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí máa ń ṣe àìlera fún wákàtí tàbí ọjọ́ mélòó kan, kò lè ti ẹ̀jẹ̀ síwájú dáadáa, omi á sì máa sun sínú ẹ̀dọ̀fóró. Gbogbo ara tí kò rí ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti wú, àwọn òpójẹ̀ tín-ín-rín inú ẹ̀dọ̀fóró náà ti ń jò. Èébì tí ó ti fà símú wà níbẹ̀, ìtẹ̀ ti bó o, aláìsàn kò sì tíì jí débi tí yóò fi lè wúkọ́. Òtútù àyà ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun ìyanu lára irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣègùn ní Faransé dán an wò nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019: nínú àwọn tí wọ́n fún ní oògùn apakòkòrò fún ọjọ́ méjì, ìdá 19 nínú 100 ló ní òtútù àyà láàrin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nínú àwọn tí wọn kò fún, ìdá 34 ni. Iye ẹni tó kú láàrin ọ̀wọ́ méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo dókítà ló ń fún ènìyàn ní oògùn náà bẹ́ẹ̀. Ẹ má lọ rà á fúnra yín lọ́dọ̀ ẹlẹ́kémíìsì.

Ohun tí ẹbí máa ń tẹnumọ́ jù ni ọ́síjìn. "Dókítà, ẹ tú u sí i." Mo mọ ìfẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, mo sì mọ ohun tí sílíńdà kan ń náni. Nígbà tí a bá ń tẹ àyà lọ́wọ́, ọ́síjìn kò lè pọ̀ jù. Gbogbo èyí tó bá wà ni ká fún un. Lẹ́yìn tí ọkàn bá ti padà, tí ẹ̀rọ sì ti lè wọ̀n ọ́n dáadáa, a óò dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí ìwọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò fi wà láàrin ìdá 94 sí 98 nínú 100. Àníjù ọ́síjìn lè ba ọpọlọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ padà jẹ́. Ẹ̀rọ fẹntilétọ̀ tí ń bá a mí náà ní ìwọ̀n tirẹ̀: mílílítà 6 sí 8 fún kílò kọ̀ọ̀kan, gíga ènìyàn ni wọ́n sì fi ń ṣírò kílò náà, kì í ṣe bó ṣe sanra tó, nítorí ẹ̀dọ̀fóró kì í tóbi sí i bí ikùn bá yọ. Bí ẹ̀rọ náà bá yára jù, kábọ́nì inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀ jù, àwọn òpójẹ̀ ọpọlọ á fún pọ̀, ọpọlọ tí à ń wá ọ̀nà àtigbà là á tún máa pàdánù ẹ̀jẹ̀.

Ẹni tó bá rí ilé padà lè ní ohùn híhá fún ìgbà díẹ̀ nítorí rọ́bà tí wọ́n kì bọ ọ̀nà èémí rẹ̀, àyà á sì máa dùn ún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ kan níbí. Ẹ má fi ọ̀já tàbí gèlè di àyà rẹ̀ kankan, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn tó ń to eegun dè é ní báńdéèjì kí ó lè tètè jinná. Eegun ìhà kò nílò dídè. Àyà tí a dì kò ní lè gbòòrò, ẹ̀dọ̀fóró kò ní là dáadáa, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á jókòó sí ìsàlẹ̀, òtútù àyà á tún wọlé. Oògùn ìrora tí dókítà kọ ni kí ó lò, kí ó lè mí kanlẹ̀ bí ìgbà mẹ́wàá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí kò bá sùn, kí ó fi ọwọ́ di ìrọ̀rí mọ́ àyà nígbà tí ó bá fẹ́ wúkọ́, kí ó sì máa rìn káàkiri ilé.

Ìbéèrè kan ti dé ọwọ́ mi lórí pépà: ṣé dandan ni kí ènìyàn fi ẹnu kan ẹnu ẹni tí kò mọ̀ rí? Rárá. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà tó ṣàdédé ṣubú lójú yín, ẹ tẹ àyà rẹ̀, kí ẹ má dúró. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, tàbí ẹni tí omi mu, èémí yín lè jẹ́ ohun tó kù fún un. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, títẹ àyà nìkan ṣì sàn ju ká káwọ́ gbera lọ. Ẹlòmíràn béèrè ìgbà tí ó yẹ kí a dáwọ́ dúró. Ẹ dáwọ́ dúró bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í mí bó ṣe yẹ, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ju yín lọ bá gbà á lọ́wọ́ yín, tàbí bí agbára yín bá tán pátápátá. Bí ó bá ti ń mí, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀ díẹ̀ kí èébì lè ríbi gbà jáde, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, kí ẹnì kan sì fi ọwọ́ lé àyà rẹ̀ títí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn, nítorí ọkàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà lè tún dúró lọ́nà.